Wọn Ò Sin Òkú Wọn: Dead Space 2 ní Táíwò Road

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé géèmù ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ewì àti ìtàn kúkúrú máa ń kún inú rẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló sọ fún mi ní ìpàdé pé géèmù kì í ṣe lítíréṣọ̀. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí ìtàn bá dẹ́rù ba èèyàn títí tí kò fi lè dá lọ tọ̀ lóru, ìtàn yẹn ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kọ ọ́ wá nígbà náà. Òun ni mo kọ wá yìí.

Dead Space 2 ni mò ń sọ. Oṣù kìíní ọdún 2011 ló jáde. Ti àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2008. Visceral Games ló ṣe é fún Electronic Arts, wọ́n sì ti ti Visceral pa láti ọdún 2017. Bí ẹnì kan bá ń béèrè pé kí ló kàn mí pẹ̀lú géèmù tó ti pẹ́ tó báyìí, kó wá sí Táíwò Road wá wò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù tí a máa ń lọ, PS4 méjì ló wà níwájú. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń gbá lórí wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, owó rẹ̀ sì ga. PS3 kan wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí pádì rẹ̀ máa ń ya sí apá òsì fúnra rẹ̀, owó tiẹ̀ ò tó ìdajì. Ẹ̀yin náà mọ irú ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa jókòó sí. Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ti gbá a nígbà ìsinmi tó kọjá, àwọn ọmọ àdúgbò bíi mẹ́rin sì ń dúró lẹ́yìn wa bí ẹni tó ń wo sinimá ọ̀fẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Isaac Clarke ni ọkùnrin tí à ń darí. Orúkọ òǹkọ̀wé méjì, Isaac Asimov àti Arthur C. Clarke, ni wọ́n so pọ̀ fún un. Kì í ṣe sójà. Ẹnjiníà ni, irinṣẹ́ tí àwọn awakùsà fi ń gé òkúta ló sì fi ń jà. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n rán an lọ tún ọkọ̀ òfurufú ràbàtà kan tó ń jẹ́ Ishimura ṣe. Ó yá a lára láti lọ, torí pé Nicole, obìnrin tó fẹ́ràn, ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀. Ìgbà tó débẹ̀, àwọn ará inú ọkọ̀ ti kú, òkú wọn sì ti dìde, ọwọ́ wọn ti di àdá. Bí o bá yìn wọ́n níbọn lórí, ọta lo fi ń ṣòfò. Apá àti ẹsẹ̀ ni kí o máa gé.

Nínú ìkejì, ọdún mẹ́ta ti kọjá. Isaac jí ní ilé ìwòsàn nínú ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Sprawl, lórí Titan, ọ̀kan lára àwọn òṣùpá tó ń yí Saturn ká. Aṣọ tí wọ́n fi ń de wèrè ni wọ́n wọ̀ fún un. Ọmọkùnrin kan ń gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀, àfi gbì, nǹkan kan gún un láti ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì ń yí padà di ojú abàmì níbi tí Isaac ti ń wò ó, tí àwa náà ń wò ó. Ni Isaac bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní dídè. Ọ̀rẹ́ mi ń tẹ bọ́tìnnì ìbọn, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò sí ìbọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé "Sá! Sá! Ṣé o ò rí i pé wọ́n so ẹ́ lọ́wọ́ ni?" Mi ò tíì rí ìbẹ̀rẹ̀ géèmù kankan tó dáa tó yẹn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹni tó ti parí ti àkọ́kọ́ ti di ògbójú, wọ́n sì kọ́kọ́ gba ìgboyà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa ní ṣọ́ọ̀bù ò pe àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ní orúkọ tí ìwé géèmù pè wọ́n. Aládàá ni à ń pe àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣá èèyàn. Eléèébì ni àwọn tó ń bì sí èèyàn lára. Ayọjú ni àwọn tó ń yọ orí wò ẹ́ láti ẹ̀yìn àpótí, tí wọ́n á tún fà sẹ́yìn, kí wọ́n tó sáré kàn ẹ́ bí àgbò. Àwọn kékeré tó ń sáré wá lógìdìgbó, Jẹ́léósinmi lorúkọ wọn. A tiẹ̀ ti sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ kí a tó dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú géèmù náà, tí àwòrán tí àwọn ọmọ yà ṣì wà lára ògiri. Ìgbà tí a débẹ̀, ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ àdúgbò kan ní àbíkú ni wọ́n. Mi ò gbà. Àbíkú a máa lọ, a sì máa bọ̀, ó lẹ́gbẹ́ lọ́run. Àwọn wọ̀nyí ò lọ síbì kankan.

Ìjà tó pọ̀ jù láàárín wa ni ọ̀rọ̀ ohùn Isaac. Nínú ti àkọ́kọ́, Isaac kì í sọ̀rọ̀. Kó mí gúlegúle, kó ké bí wọ́n bá gé e, ó parí. Nínú ìkejì, ó ń sọ̀rọ̀. Gunner Wright ló fi ohùn rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó ti gbá méjèèjì tipẹ́, ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ba géèmù náà jẹ́. Ó ní ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni. Bó bá ti lanu báyìí, ó ti di ẹlòmíràn, ìwọ kàn ń wò ó ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n Isaac inú ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń rán an kiri: lọ tún eléyìí ṣe, lọ gbé tọ̀hún wá, kò sì bi ẹnikẹ́ni pé èéṣe. Nínú ìkejì, ó ń bínú, ó ń bú wọn, ó ń sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ìgbà tí wọ́n sì tún ti àkọ́kọ́ ṣe ní ọdún 2023, wọ́n fún un ní ohùn, Gunner Wright kan náà ló sì tún sọ ọ́. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n. Ó ní kò kan òun, pé kí n sanwó wákàtí kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ariwo. Gbogbo ẹni tó bá gbá géèmù yìí ló máa ń yin ìró inú rẹ̀, àti orin tí Jason Graves ṣe sí i. Ẹ wá gbọ́ orin Jason Graves ní Táíwò Road! Jẹnẹrétọ̀ wa, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì, fèrè kẹ̀kẹ́ márúwá, àti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú tí wọ́n ń pariwo "Góòlù!" gẹ́lẹ́ nígbà tí Ayọjú ń yọrí. Ẹ̀rù ò lè ba èèyàn bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rín la fi gbá a, mo sì ti ń gbèrò láti kọ pé géèmù ìjà lásán ni. Ọjọ́ kẹrin ni mo yá ìlétí ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ yí padà. Mo wá gbọ́ pé àwọn nǹkan ti ń rìn nínú ògiri láti ọjọ́ yìí wá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Dead Space 2 ò bani lẹ́rù tó ti àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ló ti gbá a.

Síbẹ̀, mi ò ní í tan yín. Bó ṣe ń lọ sópin, wọ́n kàn ń da ẹ̀dá lé èèyàn lórí ni, o ò ní í ráyè bẹ̀rù. Tiedemann tó jẹ́ olórí ìlú náà kò ju ẹni tó ń pariwo láti inú ẹ̀rọ lọ. Ìpele kan wà tí wọ́n ń pè ní Hardcore, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lo lè fi géèmù pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A ò tiẹ̀ dá a láṣà, torí pé iná lè lọ nígbàkígbà kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde. Hardcore tiwa ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni orí kẹwàá, nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Isaac padà sínú Ishimura. Ọkọ̀ kan náà ni. Wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, wọ́n ta rọ́bà bo ara ògiri, ó mọ́ tónítóní. Ẹ óò rìn, ẹ óò rìn, kò sí ẹ̀dá kankan tó máa jáde. Iná aláwọ̀ elésè àlùkò kan wà tó ń tàn sára ilẹ̀, ibi tó bá tàn dé ni àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ń hàn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní ó ti sú àwọn, pé kí la wá débí wá ṣe. Èmi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti gbá ti àkọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Géèmù náà ò ṣe ohunkóhun, ìwọ lò ń dẹ́rù ba ara rẹ. Ohun tí ìtàn kejì lè ṣe tí àkọ́kọ́ ò lè ṣe nìyẹn. Fágúnwà náà ò kàn tún ìrìn Àkàrà-Ògùn rìn nígbà tó kọ Igbó Olódùmarè ní 1949. Ó padà sẹ́yìn lọ bá bàbá rẹ̀, Olówó-Ayé. Ibi tí o rò pé o ti mọ̀ ni wọ́n tún mú ẹ lọ.

Ọjọ́ tí a wà níbẹ̀ gan-an ni ìyá mi wá rajà ní Táíwò, wọ́n sì yà wá wò mí. Ní 2011, Electronic Arts ṣe ìpolówó kan fún géèmù yìí tí wọ́n fi hàn àwọn ìyá, wọ́n sì ya fídíò wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kórìíra rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá tèmi ò pariwo. Wọ́n dúró wò ó díẹ̀, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Àwọn wo wá nìyí?"

"Òkú ni, mà."

"Òkú? Ṣé wọn ò sin wọ́n ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ìlọrin la wà, òkú Mùsùlùmí kì í sùn ńlé bó bá ṣeé ṣe. Àárọ̀ kú, ọ̀sán ti dé itẹ́. Nínú géèmù yìí, ẹ̀sìn kan wà tó ń jẹ́ Unitology, tó ń kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n tọ́jú òkú lódindi, torí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo wọn yóò para pọ̀ di ọ̀kan. A gba inú ilé ìjọsìn wọn kọjá, òkú ni wọ́n tò síbẹ̀ nínú òtútù. Ohun tí wọ́n ń pè ní Marker sì rèé, òkúta tó lọ́ mọ́ra bí ìwo méjì, òkú ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè ìyá mi ni gbogbo géèmù náà dúró lé lórí, wọn ò sì lò tó ìṣẹ́jú méjì níwájú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ òpin, kó dúró níbí. Nicole ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú Ishimura, kí Isaac tiẹ̀ tó débẹ̀. Isaac ló sì gbà á níyànjú pé kó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú ìkejì, ó ń yọ sí i, iná ń tàn lójú rẹ̀ àti lẹ́nu rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àkúdàáyà ni. Mo ní rárá: àkúdàáyà ló máa ń sá fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló máa ń lọ jókòó sí. Eléyìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wá kiri. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni pé Isaac ni kò sin òkú tiẹ̀, pé ibẹ̀ ni ìkejì ti ju àkọ́kọ́ lọ. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pàápàá.

A dé ibi tí Nicole ti ń bi í léèrè ohun tó fà á tí kò fi lè jẹ́ kí òun lọ. Isaac dáhùn, ní kúkúrú, pé bí òun bá jẹ́ kó lọ, kò ní í sí ohun tó kù fún òun. Ọ̀rẹ́ mi ló di pádì mú. Ó gbé e fún mi, ó jáde síta, ó lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn ọlọ́kadà.

Àbúrò rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Inú ìdánwò la wà nígbà yẹn. Kí wọ́n tó pè é, kó tó wọkọ̀ dé ilé, wọ́n ti sin ín. Ilẹ̀ tútù ló bá. Nígbà tí a ń rìn padà sí Táíwò Òkè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ fún un, ọ̀rọ̀ òkú tí wọn ò sin, àti ìbéèrè ìyá mi. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Wọ́n sin tiwa. Wọ́n tètè sin ín. Mò ń rí i síbẹ̀."

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo ti pa ojú ewé yẹn rẹ́ nínú ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún ti kọ ọ́ padà. Ibi tó ti dá géèmù dúró ṣì wà nínú PS3 yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án. Tèmi ni mo gbá dé òpin lọ́tọ̀. Ó ní òun á lọ parí tòun ní ọjọ́ kan, pé kí n má tẹ̀ lé òun, kí n ṣáà bá òun yá ìlétí yẹn.