Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà àti Ọdún Márùn-ún: Lórí Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Octavia Butler

Ní 2006 tí Octavia Butler dolóògbé ni ẹgbẹ́ Carl Brandon Society dá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí àwọn òǹkọ̀wé tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lè lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ti Clarion tàbí Clarion West, èyí tó máa ń wáyé nígbà ooru ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, àwọn akẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ni yóò tú ìtàn rẹ̀ palẹ̀ lójú rẹ̀. (Ẹni tó bá mọ bí àwọn oníjàálá ṣe ń tako àṣìsọ ara wọn lójú agbo kò ní ka èyí sí àjèjì.)

Òṣùwọ̀n ni ìṣòro. Bí ẹni tó gba irú ìrànwọ́ yìí ṣe tètè tẹ̀wé jáde sí ni a sábà fi ń díwọ̀n èrè rẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí ì bá ti já Butler fúnra rẹ̀ kulẹ̀. Ó lọ sí Clarion ní 1970, ó sì ta ìtàn méjì: ọ̀kan jáde ní 1971, èkejì kò jáde lójú ayé rẹ̀. Ó di 1976 kí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Patternmaster, tó dé. Láàárín ìgbà náà, iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló fi ń gbọ́ bùkátà, òru ló sì fi ń kọ̀wé. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò dé ibi ọdún wọ̀nyí.