Ẹgbẹ́ Ọdẹ àti Ọ̀nà Òkè: Láti Lángbòdó dé Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ó ti di àṣà láàárín àwọn tí ń múra ìdánwò sílẹ̀ láti kọ ọ́ pé ìtàn ìgbẹ́ dídẹ ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì gbé jáde ní ọdún 1938. Àkọlé ìwé náà ni ó ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹni tí ó bá ka ìrìn-àjò Òkè Lángbòdó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó wá bèèrè iye ẹran tí àwọn ọdẹ náà rù dé ọ̀dọ̀ ọba tí ó rán wọn níṣẹ́, yóò rí i pé kò sí itan, kò sí orí, kò sí awọ. Ọ̀rọ̀ tí Ìrágbèje fi ọjọ́ méje sọ fún wọn ni olórí ẹrù wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó yẹ kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ léèrè ohun tí ọdẹ ń fi ẹgbẹ́ ṣe nígbà tí kì í ṣe ẹran ni ó ń wá.

Kí a tó lè dáhùn, a ní láti mọ bí iṣẹ́ ọdẹ ti rí lóde ìwé. Ọdẹ òru a máa dá lọ ni: iná ń bẹ lórí rẹ̀, ìbọn ṣakabùlà wà léjìká, àpò wà lápá. Bí ẹni méjì bá wọ igbó kan náà lóru láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún ara wọn, ojú tí iná bá mú lè má jẹ́ ojú ẹran. Ìgbẹ́ ọ̀sán ni ó gba ẹgbẹ́. Àwọn kan yóò kó ajá wọ inú igbó láti máa lé ẹran bọ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn dá níbi ìbọn yóò sì lúgọ sí ojú ọ̀nà tí ẹran yóò gbà jáde. Irú ìgbẹ́ báyìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní Winneba ní ilẹ̀ Gánà, nínú ọdún Aboakyer tí wọ́n máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ méjì, Tuafo àti Dentsifo, ni ó ń bá ara wọn díje láti fi ọwọ́ lásán mú àgbọ̀nrín láàyè, láìyin ìbọn rárá. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ohun ìjà.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹ lórí orúkọ ẹran náà, nítorí pé àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Àgbọ̀nrín àti ìgalà ni àwọn atúmọ̀ èdè máa ń lò fún ẹran oníwo ẹlẹ́ka tí ń bẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bíbélì Yorùbá náà lo àgbọ̀nrín nínú Sáàmù 42. Ṣùgbọ́n ẹran ilẹ̀ òkèèrè yẹn a máa wọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù; ìwo ti ẹran tiwa kò ní ẹ̀ka, kì í sì í bọ́ títí ẹran náà yóò fi kú. Kò sí ìkankan nínú ìdílé ẹran tí ń wọ́ ìwo yẹn nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àwòrán inú ìwé àwọn Òyìnbó ka Fágúnwà yóò máa rí ẹran mìíràn lójú inú. Bákan náà ni kí olùkọ́ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àmì ohùn: ẹtu ni ẹran, ẹ̀tù ni ohun tí a fi ń yìnbọn pa á.

Àgbọ̀nrín ni ó ṣí ilẹ̀kùn ìtàn Àkàrà-ògùn. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, àjẹ́ paraku sì ni ìyá rẹ̀. Bàbá yìn àgbọ̀nrín níbọn, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lọ, ipa ẹ̀jẹ̀ náà sì mú un dé ilé ara rẹ̀, níbi tí ó ti bá ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì parí ìparadà, apá kan ènìyàn, apá kan ẹranko. Ìtàn obìnrin tí ó ń di ẹran pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ti Ọya àti awọ ẹfọ̀n sì gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn. Ohun tí Fágúnwà fi kún un ni ìdákẹ́jẹ́. Ọdẹ yìí dá nìkan wà. Kò sí ẹlẹ́gbẹ́ tí yóò sọ fún un pé kí ó mú sùúrù kí ó tó fa ìbọn, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́rìí sí ohun tí ó rí. Ẹni tí kò bá ka Igbó Olódùmarè, tí ó jáde ní ọdún 1949, kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó, nítorí pé inú ìwé kejì yẹn ni Fágúnwà ti padà sẹ́yìn láti sọ bí Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ṣe pàdé obìnrin náà nínú igbó tí ó sì fẹ́ ẹ. Ìwé tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ni ikú wà, èyí tí a tẹ̀ lé e ni ìfẹ́ wà. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ti gé ìtàn yìí sí ààbọ̀.

Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dá wọ igbó gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀. Ìgbà tí ọba rán an sí Òkè Lángbòdó ni ó tó wá ẹni kún ẹni: Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dóyè, Olóhùn-iyọ̀, Ẹfọ̀ìyẹ tafàtafà, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, àti Àràmàǹdà-òkùnrin. Pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, wọ́n di méje. Àwọn lámèyítọ́ ti yin ètò yìí púpọ̀, wọ́n ní ẹ̀bùn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ń dí àlàfo ẹnì kejì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyìn náà ti pọ̀ jù. Orúkọ wọn ni iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ wọn sì ni gbogbo ìwà wọn. Olóhùn-iyọ̀ ń kọrin nígbà tí orin bá yẹ, Ẹfọ̀ìyẹ ń ta ọfà nígbà tí ọfà bá yẹ. Ó ṣòro láti rí ibi tí méjì nínú wọn ti jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ewu tí ń bẹ níwájú. Ẹni tí ó bá ti bá ọdẹ jókòó rí mọ̀ pé àwọn ọdẹ kì í rìn báyìí. Àwàdà, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ìbọn rẹ̀ kọ́kọ́ ba ẹran, irọ́ dídùn nípa ẹran tí ó bọ́ lọ, ìwọ̀nyí ni iyọ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ.

Ibi tí àìsọ̀rọ̀ yìí ti dunni jù ni ọ̀rọ̀ Kàkò. Obìnrin tí ó fẹ́ di aya rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀ lọ, Kàkò sì pa á nítorí kí ìrìn-àjò má baà falẹ̀. Ìtàn kọjá níbẹ̀ wéré. Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé ìgboyà ni Fágúnwà fẹ́ fi hàn, pé iṣẹ́ ìlú ga ju ìfẹ́ ara ẹni lọ. Ìdáhùn yẹn lè gba máàkì nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù: kí ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sọ sí i? Bàbá Àkàrà-ògùn pa aya rẹ̀ nítorí pé kò ní ẹlẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kàkò pa tirẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ tí ń dúró dè é. Ìbéjì ni ikú méjèèjì yìí, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà wọ́n pọ̀. Bóyá Fágúnwà mọ̀ọ́mọ̀ so wọ́n pọ̀ ni tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀, ìwé náà so wọ́n pọ̀.

Wálé Ògúnyẹmí rí àlàfo yìí. Nígbà tí ó sọ ìrìn-àjò náà di eré orí ìtàgé ní Langbodo, eré tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977, tí a sì tẹ̀ ní ọdún 1979, kò lè ṣe kí àwọn ọdẹ náà má bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orí ìtàgé kì í fara mọ́ ẹni méje tí ó dúró láìsọ̀rọ̀.

Ọmọ ilé-ìwé ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ lè béèrè pé kí ni ó kan Rẹ́mọ nínú ọ̀rọ̀ òkè. Ilẹ̀ títẹ́jú ni ilẹ̀ Rẹ́mọ, igbó rẹ̀ àtijọ́ sì ti di oko obì ní ibi púpọ̀; ìgalà tí ó kù a máa yọ́ jáde wá jẹ ewé ní etí oko. Síbẹ̀, ilẹ̀ yìí ni orísun ẹni tí ó gbé Fágúnwà lọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́òkúta ni a bí Wọlé Ṣóyínká sí ní ọdún 1934, ṣùgbọ́n Ìsarà ni ilé bàbá rẹ̀. Nínú Aké (1981) ni ó ti sọ bí bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìsarà ṣe sín gbẹ́rẹ́ fún un nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ìsarà (1989) sì jẹ́ ìwé lórí bàbá rẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà, títí dé orí ọ̀rọ̀ oyè Ọdẹmọ tí Samuel Akínsànyà jẹ ní ọdún 1941. Bí a bá ń wá ẹgbẹ́ tí ó ń rìn tí ó sì ń sọ̀rọ̀, tí olúkúlùkù ní ìwà tí ó ju orúkọ rẹ̀ lọ, inú ìwé yẹn ni ó wà. Òkè tiwọn ni ẹ̀kọ́ ìwé.

Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ní ọdún 1968 sí The Forest of a Thousand Daemons. Ó ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ìdí tí òun fi yan ọ̀rọ̀ tí ó gbà kọ irúnmalẹ̀, kí òǹkàwé má baà rò pé èṣù inú ìwé ìsìn ni. Atúmọ̀ yìí kì í ṣe ọdẹ orí ìwé nìkan. Nínú You Must Set Forth at Dawn (2006), ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa Fẹ́mi Johnson, oníṣòwò ìbánigbófò ní Ìbàdàn, ẹni tí wọ́n jọ máa ń dẹ ìgbẹ́. Nínú ìwé náà, jíjáde lọ papọ̀, oúnjẹ àti ọtí, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ṣe pàtàkì tó ohun tí ìbọn pa. Ohun tí Fágúnwà kò fún àwọn méje tirẹ̀ ni Ṣóyínká fún ọ̀rẹ́ méjì.

Ọdún 1987 ni Johnson kú ní ilẹ̀ Jámánì, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ sin ín sí. Ìwé náà sọ bí Ṣóyínká àti àwọn ọ̀rẹ́ kan ṣe jà fitafita láti gbé òkú náà padà wá sílé. Àwọn lámèyítọ́ tí ó ka apá yìí sí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ lásán kò tíì ka ìrèmọ̀jé rí. Bádé Àjùwọ̀n ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé nígbà ìṣípà, àwọn ọdẹ a máa péjọ, wọn a kó ohun èlò olóògbé lọ sí inú ìgbẹ́, wọn a sì fi ewì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn alààyè. Bí wọn kò bá ṣe é, olóògbé kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Gbèsè yìí ni Ṣóyínká ń san.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, pé ẹni tí ń sun ìjálá kì í dá nìkan wà: bí ó bá ṣi oríkì sọ, oníjàálá mìíràn tí ń gbọ́ ọ lè dá a dúró kí ó sì tún un ṣe lójú agbo. Ṣóyínká dá nìkan kọ ìrèmọ̀jé tirẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè sọ fún un pé ìbọn ta ni ó kọ́kọ́ ba ẹran ni ó ń kọ̀wé nípa rẹ̀.