Tutu tó wà ní pálọ̀ yín

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pè mí láti Mọ́kọ́lá. Ó rí ẹ̀dà àwòrán Tutu kan nínú férémù dáadáa. "Prof, ṣé kí n rà á pamọ́? Ó máa gbówó lórí, àbí?" Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fi rà á!

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ben Enwonwu ló ya Tutu. Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, ló yà. Mẹ́ta ló yà. Ọ̀kan nínú wọn, ti 1974, ni Bonhams tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018, ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ojúlówó nìyẹn o. Ẹ̀dà rẹ̀ ti kún pálọ̀ wa tipẹ́. Ta ló fi í kọ́lé? Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ lónìí, ó lè tẹ ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lọ́la. Ipa ọwọ́ ayàwòrán pàápàá kì í bá ẹ̀dà wá: pẹrẹsẹ ni bébà máa ń rí.

Ẹ má fi wé iṣẹ́ títẹ̀ Bruce Onobrakpeya. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Iye kan pàtó ló ń tẹ̀, á kọ nọ́ńbà sí i, á fọwọ́ sí i. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dà iṣẹ́, iṣẹ́ gan-an ni.

Mo ní kó san owó ilé-ìwé ná. Ẹ̀dà Tutu tèmi ṣì wà lára ògiri, oòrùn ti pa á láwọ̀ dà. N kò ní tà á: ojú mi ló ń jẹ èrè rẹ̀.