Iṣẹ́ Ẹrú Lórí Fóònù: Àríwísí Kan Lórí Bí A Ṣe Ń Ta Ọ̀rọ̀ Látaré Lórí WhatsApp

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣe là ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ bí ẹrú yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó rán an, yóò sì lọ dà á sílẹ̀ bí ó ṣe gbà á, ìbáà tú ilé ká, ìbáà dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tí ó fi tọmọ jẹ́ ẹ yóò kọ́kọ́ ronú: Ta ni ó rán mi? Ta ni mo ń jẹ́ ẹ fún? Kí ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe nígbà tí ó bá dé ọ̀hún? Òwe yìí ti wà tipẹ́tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, síbẹ̀ ó bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu gan-an. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni àmì ọfà kékeré tí ó wà lórí WhatsApp, èyí tí a máa ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ ta ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí wa látaré sí àwọn ẹlòmíràn. Èrò mi ni pé ọfà yìí ń kọ́ wa láti máa jẹ́ iṣẹ́ bí ẹrú, àti pé àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwa gan-an ju bí ó ṣe wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́. Ọdún 2009 ni Jan Koum àti Brian Acton dá WhatsApp sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Facebook sì rà á ní ọdún 2014. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti wọ ilé, ọjà, ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn wa. Ìyá tí kò mọ ìwé kọ lè tẹ àmì ìgbohùnsílẹ̀, kí ó sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì tàbí ti Ìjẹ̀bú, ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò sì gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìmí ẹ̀dùn tí ó wà nínú rẹ̀. Aláàdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, lè ya àwòrán aṣọ rẹ̀ kí oníbàárà sì yan èyí tí ó wù ú láì wọkọ̀ wá. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń fi pe ìpàdé. Láti ọdún 2016, ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì bá bá ara wọn sọ níbẹ̀ ti di ohun tí a tì pa láàárín àwọn méjèèjì, tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà. Irinṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí a kì í gbé sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa jù lọ.

Àbùkù tí mo rí lára rẹ̀ kò sí nínú yíyára rẹ̀. Ó wà nínú ohun tí ó ń bọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ní ilé-ìwé, bí olùkọ́ bá ń kọ́ wa ní àròkọ onílẹ́tà, àdírẹ́sì ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Déètì yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìkíni, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò sì kádìí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, máàkì rẹ̀ yóò dín kù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé fínnífínní olùkọ́ lásán ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí kò ní orúkọ kò ní ẹni tí a lè bi léèrè, èyí tí kò sì ní déètì, ẹnikẹ́ni lè sọ pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá, àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí ó gbà á, nítorí ẹ̀fà ni. Bí ẹni náà bá fi mẹ́jọ dáhùn, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Àrokò yìí ní ẹni tí ó rán an, ó ní ẹni tí a rán an sí, ó sì ní èsì. Bí a bá kó owó ẹyọ mẹ́fà kan náà fún gbogbo ará ọjà, kò sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ọkàn ta ni fà sí.

Nísinsìnyí, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ta látaré lórí WhatsApp. Orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ kò sí lára rẹ̀. Orúkọ tí ẹ rí lókè ni ti ẹ̀gbọ́n yín tàbí ti ìyá yín tí ó fi ránṣẹ́ sí yín. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí aago tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ti ìgbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Báyìí ni àwòrán ọjà tí iná jó ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣe lè wọlé láàárọ̀ òní bí ẹni pé òwúrọ̀ yìí ni iná náà ṣẹ́ yọ. Ó dà bí ìgbà tí àlejò tí a kò mọ̀ rí bá wọ aṣọ ìyá wa wá kan ilẹ̀kùn. Nítorí aṣọ ni a ṣe ṣílẹ̀kùn fún un.

Kò sì pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Lórí Telegram, orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá máa ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn, àyàfi bí onítọ̀hún bá ní kí wọ́n fi orúkọ òun pamọ́. Nítorí náà, ohun tí àwọn tí ó ṣe WhatsApp yàn ni. Mo gbà pé ó ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹni tí ó sọ ìṣòro rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kò ní fẹ́ kí orúkọ òun bá ìṣòro náà kiri ìlú. Ṣùgbọ́n aṣọ kan náà tí ó bo aláìṣẹ̀ ni ó bo òpùrọ́.

Ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ ti ṣojú wa rí. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ní àrùn Ebola bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó láti Liberia. Ìbẹ̀rù gba ìlú kan. Nígbà tí oṣù Kẹjọ wọlé, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí fóònù dé orí fóònù: nípa ìpè, nípa àtẹ̀jíṣẹ́, lórí BlackBerry Messenger, lórí Facebook àti lórí WhatsApp. Ó ní kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà mú un. Àwọn ènìyàn jí ara wọn lójú oorun nítorí rẹ̀. Mínísítà ètò ìlera àti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti wọ inú omi. Iyọ̀ àpọ̀jù máa ń fa omi kúrò nínú ara, ó sì léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ìwé ìròyìn ròyìn pé ó kéré tán, ènìyàn méjì kú, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Ebola kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun Ebola fúnra rẹ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fúngun mọ́ wọn. Dókítà náà pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ àwọn tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn, iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Wọ́n ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè pé: Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti mú ọ? Ọ̀dọ̀ ta ni o dé lẹ́yìn ìgbà náà? Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, nígbà tí ó sì di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Ìbéèrè «Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti wá?» ni ó gbà wá lọ́wọ́ àrùn náà. Ìbéèrè yẹn gan-an ni a kò bi ọ̀rọ̀ omi iyọ̀, bí a bá sì bi í, kò sí ohun tí ó wà lára rẹ̀ tí yóò dáhùn.

Àwọn ènìyàn wa mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe kò dá àwọn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ pé, «Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́.» Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń fẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a bi òun bí ó bá já sí irọ́. Ó ń fẹ́ iyì oníròyìn láìfẹ́ ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá bí nínú mọ ẹni tí yóò lọ bá. Lónìí, olúkúlùkù wa ti ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn lápò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbà pé òun ni olóòtú.

Kì í sì í ṣe ìkà ni ó ń mú wa ṣe é. Ìfẹ́ ni, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ewu ń bọ̀ a rántí ọmọ rẹ̀, a rántí àbúrò rẹ̀, a sì tẹ ọfà. Àwọn tí ó ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń parí rẹ̀ pẹ̀lú «Má ṣe dá a mọ̀» tàbí «Fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú». Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó ń kánjú bá yín láti fi í ránṣẹ́, ẹ fura.

Ilé-iṣẹ́ náà kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára ọ̀rọ̀ tí a ta látaré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, wọ́n dín iye ibi tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí márùn-ún káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ibi kan ṣoṣo ni a lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí fi hàn pé ìdádúró díẹ̀ tó láti mú kí ọwọ́ wa sinmi. Síbẹ̀, iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ rìn ni wọ́n ń kà, wọn kò wọn òótọ́ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè dà á kọ kí ó tún lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ rẹ́, kò kan èyí tí àwọn mìíràn ti ta látaré. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé òfófó ti wà kí WhatsApp tó dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olófòófó àdúgbò ní ojú tí a lè wò. A mọ èyí tí ó máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, a sì mọ ìwọ̀n tí a ó gbà gbọ́ nínú tirẹ̀. WhatsApp kó ọ̀rọ̀ olófòófó, ó sì fi sí ẹnu ẹni tí a fọkàn tán jù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni inú ilé. Bí bàbá bá fi ọ̀rọ̀ tí kò dájú sínú gúrúùpù ẹbí, ọmọ wo ni yóò sọ pé irọ́ ni? Àṣà wa kò gbà á, kò sì yẹ kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà gba ọmọ láyè láti béèrè. «Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó kọ ọ́, kí n lè mọ ibi tí mo ti lè kà sí i?» Kò sí àrífín nínú èyí. Ó fún àgbà láyè láti tún un wò láìjẹ́ pé ojú tì í. Ẹ̀yin òbí náà, bí ọmọ bá béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ń kiri wọ kíláàsì, kí ẹ sì fún un ní máàkì bí ẹ ṣe ń fún lẹ́tà: àdírẹ́sì dà, déètì dà, orúkọ dà? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i fúnra wọn pé òdo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà.

Èmi kò sọ pé kí a má ta ọ̀rọ̀ látaré mọ́. Ìkìlọ̀ tòótọ́ wà, ìkéde ilé-ìwé wà, ìròyìn ayọ̀ náà wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ọfà náà kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn kan sí i: ibi tí ó ti rí i, ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, àti ìdí tí ó fi gbà á gbọ́. Bí kò bá rí gbólóhùn náà kọ, kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú sí ọwọ́ òun.