Agogo Ìgogo Ọ̀wọ̀ àti Agogo inú Àtẹ MIDI: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ní ọdún 1991 ni a gbé àtẹ General MIDI jáde, kí nọ́ńbà kan náà lè máa mú irú ohùn kan náà jáde lára kíbọ́ọ̀dù gbogbo ilé-iṣẹ́. Ohùn 128 ni ó wà nínú rẹ̀. Ní nọ́ńbà 114, a bá orúkọ kan tí ọmọ Yorùbá kò nílò ìtumọ̀ rẹ̀: agogo. Orúkọ náà tún fara hàn nínú àtẹ ohun-èlò lílù: agogo olóhùn òkè wà ní ojú-ìtẹ̀ 67, olóhùn ìsàlẹ̀ wà ní 68. Ìbéèrè tí àyẹ̀wò yìí gbé dìde ni pé, agogo ta ni? Ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti bi í. Èrò tí a gbè lẹ́yìn níhìn-ín ni pé àbùkù agogo MIDI kò sí nínú wáyà. Ibi tí iṣẹ́ gúnlẹ̀ sí ni ó wà, àtúnṣe rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gba iṣẹ́.

MIDI kì í gbé ìró. Nígbà tí a bá fi wáyà so kíbọ́ọ̀dù mọ́ òmíràn tàbí mọ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe orin ni ó ń gba inú wáyà kọjá bí kò ṣe iṣẹ́ tí a rán: ojú-ìtẹ̀ wo ni ìka tẹ̀, báwo ni ìtẹ̀ náà ti lágbára tó láti 1 dé 127, ọ̀nà wo nínú mẹ́rìndínlógún ni iṣẹ́ náà gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí a so ohun-èlò Sequential Circuits, ilé-iṣẹ́ Dave Smith, mọ́ ti Roland, ilé-iṣẹ́ Ikutaro Kakehashi, ní gbangba. MIDI 2.0 tí ó dé ní ọdún 2020 pàápàá kò yí èyí padà. Àrokò ni Yorùbá ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ kò la ẹnu. Ẹni tí ó gbà á ni ó ní láti mọ̀ pé ẹ̀fà ń tọ́ka sí fífà, pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ ń fà sí òun. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, owó lásán ni. Bákan náà ni 67 jẹ́ nọ́ńbà lásán títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti gbà pé agogo ni.

Irú agogo tí ẹ̀rọ gbà pé ó jẹ́ ni ó wá yẹ kí a wò. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil mú agogo dání lọ, ó wọ inú ìsìn Candomblé, ó sì bọ́ sínú orin samba. Agogo olórí méjì, ọ̀kan òkè, ọ̀kan ìsàlẹ̀, ni ó gbajúmọ̀ níbẹ̀. Nínú àtẹ ohun-èlò lílù, conga, maracas àti cuíca ni aládùúgbò agogo. Àdúgbò náà fi hàn pé ojú orin Latin America ni a fi wò ó. Kì í ṣe irọ́ ni agogo yìí, àmọ́ ó ti rin ìrìn àjò jìnnà kí ó tó padà wálé nínú kíbọ́ọ̀dù.

Ní Ọ̀wọ̀, ipò agogo yàtọ̀. Nígbà ọdún Ìgogo, tí a máa ń ṣe ní Oṣù Kẹsàn-án fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ní ìrántí Ọrọnsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn, èèwọ̀ ni ìlù. Agogo ni a ń lù dípò rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni orúkọ ọdún náà sì ti wá. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, agogo a sì máa di ìgbà mú fún un. Ní Ìgogo, ìlù dákẹ́, agogo bọ́ síwájú. Àtẹ MIDI ní tirẹ̀ kó agogo àti ìlù pọ̀ sí ọ̀nà 10. Ẹni tí ó bá pa ọ̀nà náà lẹ́nu mọ́ kí ìlù lè dákẹ́ ti pa agogo pẹ̀lú. Kí agogo tó lè dá dún, olùtẹ kíbọ́ọ̀dù ní láti yọ ọ́ kúrò láàárín wọn, kí ó fi nọ́ńbà 114 sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tí Ọ̀wọ̀ yà sọ́tọ̀ ni àtẹ náà dì sínú ẹrù kan.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a dá ẹ̀rọ lẹ́bi kọjá ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ dé. Bí a bá fi wáyà USB so kíbọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà, kò di dandan kí 67 máa dún bíi ti Brazil. Ètò tí ń lo ìró tí a gbà sílẹ̀ lè fi agogo Ọ̀wọ̀ dáhùn iṣẹ́ kan náà. Ìtẹ̀ líle yóò mú lílù kíkankíkan jáde, ìtẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ yóò mú ti jẹ́ẹ́jẹ́ jáde. Ibi tí ọ̀pá ti ba irin àti ìró tí ọwọ́ pa lẹ́nu kò sí nínú iṣẹ́ tí ojú-ìtẹ̀ kan rán. A ní láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú-ìtẹ̀ tirẹ̀. Iṣẹ́ etí ni èyí kí ó tó di iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ìbéèrè tí ó le jù ṣì kù. Bí kíbọ́ọ̀dù bá dún bí ìlù ní àsìkò Ìgogo, ṣé a lu ìlù? Ẹni tí ó bá wo awọ àti igi yóò ní a kò lù ú. Ẹni tí ó bá gbọ́ràn sí etí yóò ní a lù ú. MIDI mú kí ọ̀rọ̀ náà ta kókó sí i, nítorí ojú-ìtẹ̀ 36 tí ń mú ìlù ńlá jáde lè mú agogo jáde bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́. Ìka kò mọ ohun tí ó lù. Èdè wa fúnra rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: a ń lu ìlù, a sì ń lu agogo. Nítorí náà kì í ṣe lílù ni a kà léèwọ̀, ìlù ni. Etí ni ó sì sún mọ́ òtítọ́ jù níhìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ tí ń jó kì í bi ìró léèrè awọ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ èèwọ̀ kò sí lọ́wọ́ lámèyítọ́. Ti ààfin àti àwọn tí ó ni àṣà ni.

Olùtẹ kíbọ́ọ̀dù lè gbé ẹrù rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n tàbí Ìdóàní ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́; àtẹ inú ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé ìlú ti yí padà. Àwa tí a ń fi èdè àti àṣà Yorùbá ṣe iṣẹ́ ni ó yẹ kí a mọ̀. Ẹni tí yóò gba ìró agogo Ìgogo sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, kí ó sì kọ orúkọ ìlú, ọdún àti irú lílù náà mọ́ ọn. Àtẹ 1991 pe agogo lórúkọ láì sọ ibi tí ó ti wá. Àlàfo yẹn kò ju ohun tí a lè dí lọ.