Ìka tó mọ ọ̀nà fódà

Ó máa ń wù mí láti wo ẹni tó mọ Total Commander, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bójú tó fáìlì, lò dáadáa. Kì í fọwọ́ kan máòsì. Fódà kan wà lápá òsì ojú kọ̀ǹpútà, òmíràn wà lápá ọ̀tún, bọ́tìnnì Tab ló sì fi ń lọ tó fi ń bọ̀ láàárín méjèèjì, bí ọkọ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ òfì. F5 ń ṣe ẹ̀dà fáìlì sí apá kejì, F6 ń kó o lọ síbẹ̀ pátápátá, F7 ń dá fódà tuntun sílẹ̀.

Norton Commander, iṣẹ́ ọwọ́ John Socha, ló gbé ìlànà yìí jáde lórí DOS ní 1986. Christian Ghisler ará Switzerland, tó kọ Total Commander, gbé e dé orí Windows ní 1993. Miguel de Icaza ará Mexico kọ Midnight Commander fún àwọn tó ń lo Unix. Wọn ò yí F5 padà. Mo kan sáárá sí wọn fún èyí ju ohunkóhun lọ: ìka tó kọ́ṣẹ́ lórí DOS kò ní ṣìnà lónìí.

Ṣùgbọ́n Ctrl+D gan-an ni adùn Total Commander. Níbẹ̀ lèèyàn ń to àwọn fódà tó ń lò lójoojúmọ́ sí. Tó bá fi àmì & ṣáájú lẹ́tà kan nínú orúkọ tó fún fódà níbẹ̀, Ctrl+D àti lẹ́tà yẹn ti tó láti débẹ̀, ì báà wà nínú fódà mẹ́wàá. Alt pẹ̀lú ọfà ìsàlẹ̀ sì ń fi ibi téèyàn ti gbà kọjá hàn án.