Ìjínigbé Di Ìfẹ́: Àgbéyẹ̀wò Lore Olympus gẹ́gẹ́ bí Àtúnsọ Ìtàn Ìwáṣẹ̀ Gíríìkì

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn aláwòrán kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà lórí fóònù wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ kò kà kún lítíréṣọ̀ rárá. Orúkọ rẹ̀ ni Lore Olympus. Rachel Smythe, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì ya àwòrán inú rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àwọn Webtoon, ni ó ti jáde ní orí kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2018 títí ó fi parí ní 2024. Láti 2021 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé. Ó gba ẹ̀bùn Eisner, ẹ̀bùn pàtàkì fún àwọn oníṣẹ́ ìtàn aláwòrán ní Amẹ́ríkà, ní 2022 àti ní 2023.

Ìtàn tí a fi àwòrán sọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí Atọ́ka, ìwé àtìgbàdégbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí ó máa ń fi fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé sọ ìtàn láti ojú-ewé dé ojú-ewé. Lónìí àwọn onímọ̀ ń wá Atọ́ka kiri láti fi mọ̀ nípa eré ìgbà náà. Kò yẹ kí a dúró di ìgbà tí iṣẹ́ irú èyí bá di ohun àwátì kí a tó fi ojú lámèyítọ́ wò ó.

Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún ni èyí: bí òǹkọ̀wé bá mú ìtàn ìwáṣẹ̀ tí ó dá lórí ìjínigbé, tí ó sì sọ ọ́ di ìtàn ìfẹ́, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ipá tí ó wà nínú ìtàn náà tẹ́lẹ̀? Èrò tiwa ni pé ipá náà kì í pòórá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀dá-ìtàn mìíràn ni ó ń lọ. Ẹ̀bi náà sì lè kúrò lọ́rùn ẹni tí ó jẹ̀bi, kí ó lọ dé orí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ìtàn náà lẹ́nu àwọn Gíríìkì

Orin ìyìn kan fún Demeter, òrìṣà ọkà, ni ó sọ ìtàn Persephone ní kíkún fún wa. Wọ́n máa ń kà á mọ́ àwọn orin Homer, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Homer ni ó kọ ọ́. Ó tó ìlà 495. Díẹ̀ ni ó kù kí ó ṣègbé pátápátá, nítorí ẹ̀dà àfọwọ́kọ kan ṣoṣo ni a ní, ìlú Moscow ni wọ́n sì ti rí i ní 1777.

Nínú orin yìí, Zeus, ọba àwọn òrìṣà, fi Persephone ọmọ rẹ̀ fún Hades, arákùnrin rẹ̀ tí ń jọba lórí àwọn òkú. Kò sọ fún ìyá ọmọ. Ọmọ náà ń já òdòdó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí òdòdó ẹlẹ́wà kan tí wọ́n mú kí ó hù láti fi dẹ pàkúté fún un. Ilẹ̀ lanu, Hades yọ jáde nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ọmọ kígbe pe bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó níbòmíràn nínú tẹ́ńpìlì rẹ̀, ó ń gba ọrẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Hekate gbọ́ igbe náà láti inú ihò àpáta rẹ̀, Oòrùn gbọ́ ọ, ìyá rẹ̀ náà gbọ́ ọ bí ó ti ń dún láti orí òkè dé orí òkè, ṣùgbọ́n ìyá kò mọ ẹni tí ó gbé ọmọ rẹ̀.

Òǹkàwé Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí Zeus ṣe. Pé ọmọ ń lọ ilé ọkọ kò burú. Ohun tí ó burú ni pé bàbá nìkan ni ó dá ọ̀rọ̀ náà ṣe: kò sí alárinà, kò sí ìtọrọ, kò sí ìdána, ìyá kò gbọ́, ọmọ alára kò gbọ́. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọge tí ó ń lọ ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó; a kí bàbá, a kí ìyá, a sọ ẹ̀rù tí ń bà á, gbogbo ẹbí a sì gbọ́. Ẹkún tí Persephone sun kì í ṣe irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Kò rí ẹni kan kí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Demeter fi wá ọmọ rẹ̀ kiri pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Kò jẹ, kò mu, kò wẹ̀. Nígbà tí Oòrùn sọ òótọ́ fún un, ó fi àwọn òrìṣà yòókù sílẹ̀, ó pa ara dà di arúgbó, ó sì lọ ṣe alágbàtọ́ ọmọ ní ilé Keleos ní Eleusis. Lẹ́yìn èyí ni ó mú ìyàn wọ ayé. Irúgbìn kò hù, aráyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọrẹ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà mọ́. Ìgbà náà ni ó tó yé Zeus pé agbára wà lọ́wọ́ ìyá. Ó ní kí wọ́n dá ọmọ padà. Ṣùgbọ́n ọmọ ti jẹ hóró èso pómégíránátè kan ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún ni yóò máa lò lọ́hùn-ún, yóò sì lo ìdá méjì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni orin náà kọjá sí awo tí Demeter kọ́ àwọn ará Eleusis, awo tí ó mú kí òkìkí ìlú kékeré náà kàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Ohun tí Smythe yí padà

Smythe gbé àwọn òrìṣà wá sí ayé òde òní. Ìlú ńlá oníle gogoro ni Olympus. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí Hades ń darí ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn òrìṣà ń wa mọ́tò, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn. Ayé àtijọ́ ni àwọn ọmọ ènìyàn wà ní tiwọn. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ni Demeter ti tọ́ Persephone. Bí ó ṣe dé Olympus láti wá kàwé, ìtàn ọmọ oko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni a ń kà, ẹni tí kò tíì mọ ohun tí èrò ìlú ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀.

Àwọ̀ ni ó fi ṣe ìfìwàwẹ̀dá. Aró ni Hades láti orí dé ẹsẹ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí òdòdó ni Persephone, Hera sì ń dán bíi wúrà. Nígbà tí inú bá bí Persephone, irun rẹ̀ a gùn, ẹ̀gún a sì yọ níbi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀. Ìka ni òǹkàwé fi ń fa ìtàn náà sókè lójú fóònù, àlàfo gígùn tí ó wà láàrin àwòrán kan sí èkejì sì ń ṣe iṣẹ́ tí ìdákẹ́jẹ́ ń ṣe lẹ́nu apàlọ́.

Kí wá ni ó ṣe ìjínigbé sí? Níbi àríyá kan, Hades rí Persephone, ó sì sọ pé ẹwà rẹ̀ borí ti Aphrodite. Inú bí Aphrodite. Ó rán Eros ọmọ rẹ̀ kí ó fún ọmọdébìnrin náà ní ọtí yó, kí wọ́n sì gbé e sí ẹ̀yìn mọ́tò Hades. Hades wa mọ́tò rẹ̀ lọ sílé láìmọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin di mọ́tò, ọmọ sì dé ilé Hades láìjẹ́ pé Hades jí i gbé.

Ẹni tí ó bá rò pé eré lásán ni èyí kò mọ bí Smythe ti kàwé tó. Ovid, akéwì ará Róòmù, ti sọ nínú Metamorphoses pé Venus, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Aphrodite, ni ó rán ọmọ rẹ̀ kí ó ta ọba àwọn òkú ní ọfà. Smythe mú ìyá àti ọmọ oníjàngbọ̀n náà, ó sì ju ọfà nù. (Ìtàn Eros àti Psyche tí ó hun mọ́ ọn, ọwọ́ Apuleius ni ó ti wá, òǹkọ̀wé kan láti Madauros ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni.)

Ṣùgbọ́n ipá kò kúrò nínú ìtàn. Apollo, ìbejì Artemis tí Persephone ń bá gbé, ni ó fi ipá bá a lòpọ̀, tí ó tún ya fọ́tò rẹ̀. Ìkìlọ̀ wà fún òǹkàwé kí ó tó ka irú orí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ni a gbà pé iṣẹ́ yìí ti ga ju ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ lọ. Nínú orin Gíríìkì, ìlà díẹ̀ ni a lò lórí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ náà. Ìrora ìyá ni akéwì tẹ̀lé. Smythe dúró ti ọmọ náà. Persephone kò kọ́kọ́ mọ orúkọ tí yóò pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ń bẹ̀rù, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ń rẹ́rìn-ín láàrin ẹgbẹ́, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Yíyàn tí ó yan Apollo kò ṣàdédé: àwọn Gíríìkì fúnra wọn ni ó sọ bí ó ti lé Daphne títí tí ọmọbìnrin náà fi di igi, àti bí ó ti fi Cassandra gégùn-ún. Nítorí pé a kò fi ẹ̀ṣẹ̀ náà sọ́rùn ọkọ, ó ṣeé ṣe láti pè é ní orúkọ rẹ̀ láìfi ìgbéyàwó bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyípadà kejì ni a kò lè yìn bákan náà. Nínú ìtàn aláwòrán yìí, Zeus kì í ṣe bàbá Persephone, kò sì fi í fún ẹnikẹ́ni. Bàbá tí ó ta ọmọ lọ́pọ̀ ti jáde kúrò nínú ìtàn. Ìtàn ìfẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò dí ọ̀nà àwọn olólùfẹ́. Bí bàbá kò bá sí, ọrùn ta ni yóò já sí? Ọrùn ìyá ni. Ìyá tí ó fi ìyàn mú gbogbo ayé nítorí ọmọ rẹ̀ ti di ìyá tí ọmọ ń sá fún, aláníyàn tí ìtọ́jú rẹ̀ dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Smythe kò sọ ọ́ di ẹni ibi, ó jẹ́ kí a rí ohun tí ń bà á lẹ́rù. Ohun tí ó dùn wá ni pé ìtàn náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé Demeter kò jayò pa. Ó ní Olympus kò yẹ fún ọmọ òun. Ọmọ kò pẹ́ ní Olympus tí Apollo fi wọlé. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó dúró láti sọ fún ìyá pé ó mọ ohun tí ó ń wí.

Ọ̀rọ̀ Hades náà kù díẹ̀ káàtó. Ọmọ ọdún 19 ni Persephone, Hades ti ju 2000 ọdún lọ, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ náà sì ni ọmọ yìí ti ń kọ́ṣẹ́. Smythe mọ̀, ó jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá-ìtàn mìíràn bá Hades wí, ó sì jẹ́ kí òun alára máa fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òǹkàwé mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. A ó tún fi kún un pé iṣẹ́ náà gùn jù. Ó lé ní 250 orí, apá tí ó kàn lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ Persephone sì fà púpọ̀.

Títún ìtàn Gíríìkì sọ

A ní àwọn tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí láàrin wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọlá Rótìmí gbé ìtàn Oedipus wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n ṣe ní 1968 tí ó sì di ìwé ní 1971. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ṣe bẹ́ẹ̀ sí Antigone nínú Tegonni. Rótìmí yí orúkọ, aṣọ, ìlú àti òrìṣà padà, ó tilẹ̀ yí ohun tí ó fa àjálù padà, nítorí pé ìbínú Odewale ni ó tẹnu mọ́ ju kádàrá lọ. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìṣe náà: ọmọ pa bàbá, ọmọ fẹ́ ìyá. Smythe fi orúkọ àti òrìṣà sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, ìṣe gan-an ni ó yí padà. Èyí fi hàn pé kì í ṣe bí ibùdó ìtàn ṣe jìnnà sí ti àtijọ́ ni a fi ń mọ bí àtúnsọ ṣe jìnnà sí orísun rẹ̀. Kutuje tí Rótìmí lò súnmọ́ Thebes ju bí Olympus ti Smythe ti súnmọ́ Olympus àtijọ́ lọ.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ nínú kíláàsì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi pómégíránátè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni orin Demeter sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ bákan náà. Nígbà tí Hermes dé láti mú Persephone lọ sílé, ọmọ náà fò sókè pẹ̀lú ayọ̀, akéwì sì sọ pé Hades dọ́gbọ́n fún un ní hóró èso náà jẹ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ìyá bi í bóyá ó jẹ ohunkóhun, ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ńṣe ni Hades fi ipá mú òun jẹ ẹ́. Ṣé ó gbàgbé ni? Ṣé ó ń bẹ̀rù ojú ìyá rẹ̀ ni? Àbí òun nìkan ni ó mọ bí ó ti rí ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí akéwì kò mọ̀? Àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni Smythe gbà wọlé, pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ó ti sọ ọ́ di ìtàn ìfẹ́ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Akéwì àtijọ́ kò sọ èwo ni a ó gbà gbọ́. Ó jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀ tán, ìyá àti ọmọ sì jókòó ti ara wọn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.